Erùpẹ̀ Tí Rófíà Jẹ

Lánàá ni aládùúgbò wa níbí ní Ìlọrin gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín koríko tó yí ilé rẹ̀ ká. Òórùn náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń ta imú. Mo ti gbogbo fèrèsé, mo sì jókòó sórí ibùsùn bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín: “Mọ́mì, koríko lásán ni wọ́n ń pa kẹ̀.” Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí.

Ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn, Bàámi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn ní Mẹ́kà. Ilé tí a háyà kò jìnnà sí Àbìdíyà, ọgbà yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ni, lójú ọ̀nà Àráfà. Ilẹ̀kùn irin rẹ̀ máa ń gbóná débi pé aṣọ la fi ń ṣí i lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ilé, níbi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí, ni Màámi gbin ẹ̀wà olóyin tí wọ́n dì sáàárín aṣọ wá láti ilé.

Sáfíyà, ọ̀rẹ́ mi, ń gbé lókè wa. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ṣe Hájì tí kò padà sílé mọ́. Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Lọ́jọ́ kan, Bàámi fa ẹ̀wà kan tu, wọ́n fi àwọn kókó róbótó ara gbòǹgbò rẹ̀ hàn wá, kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fi èékánná la ọ̀kan. Inú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé ibẹ̀, pé àwọn ló ń gba oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà.

“Ṣé irú wọn wà nínú tiwa náà?” ni mo bi wọ́n.

“Tiwa ń bẹ nínú ikùn. Bí wọ́n bá kú, ara ò ní gbádùn.”

Sáfíyà di ikùn rẹ̀ mú. Ó pẹ́ kó tó tún jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án níbẹ̀, kí àwọn kòkòrò rẹ̀ má baà dàrú.

Nígbà tí Hájì kù sí dẹ̀dẹ̀, a ti ká ẹ̀wà tán. Onílé fẹ́ gba àlejò Hájì sí yàrá tó ṣófo nísàlẹ̀, ni Hárìsì, bàbá tó ń ṣọ́ ilé, bá fi oògùn fín gbogbo ẹ̀yìnkùlé nígbà tí a kò sí nílé. Ìmọ́tótó ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Wọ́n wá wakọ̀ lọ sí Jẹ́dà, lọ pàdé àwọn àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Màámi ń sá aṣọ. Rófíà, àbúrò mi tó ń rákò, ti bu erùpẹ̀ tútù sẹ́nu. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ òórùn náà. Sáfíyà figbe ta: “Sámù! Sámù!” Májèlé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Lárúbáwá. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, Rófíà ti ń bì.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn jẹ́ ará Ìjẹ̀bú.

“Àlàájà, oògùn wo ni?”

“N ò mọ̀, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́, n ò mọ̀.”

“A gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Irú kan wà tó jẹ́ pé tó bá fi lè wọ ara…” Wọ́n rí ojú mi, wọ́n bá yíjú sí Rófíà.

Ọ̀rọ̀ tí wọn kò parí yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bàámi ti sáré gba Jẹ́dà lọ, wọ́n ń wá Hárìsì, ẹnìkan ṣoṣo tó mọ orúkọ oògùn náà, láàárín èrò tó wọ aṣọ funfun kan náà. Màámi ń ka àdúà. Èmi gbé etí lé ikùn Rófíà, mo ń gbọ́ bóyá àwọn kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ikùn náà ń kùn díẹ̀díẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ìró ìyè ni tàbí ti ikú.

Tẹlifóònù dún. Bàámi ti rí Hárìsì. Gálọ́ọ̀nù oògùn náà wà ní búùtù ọkọ̀ wọn. Dókítà gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀.

“Alihamudulilahi. Kì í ṣe èyí tí mò ń bẹ̀rù. Kò dáa o, ṣùgbọ́n a óò wò ó.”

Rófíà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màámi tún gbin ẹ̀wà, ó hù, ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Bàámi fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dán, kò ní kókó kankan.

“Wọ́n ti kú,” ni wọ́n sọ, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀.

Mo sáré wọlé, mo ká aṣọ Rófíà sókè, mo tún gbé etí lé ikùn rẹ̀. Ó rò pé eré ni, ó ń fà mí nírun. Èmi ń sunkún.

Hárìsì wá tọrọ àforíjì. Àwọn àti Bàámi jọ lọ kó erùpẹ̀ láti oko ẹ̀wà ọ̀rẹ́ wọn kan lójú ọ̀nà Jẹ́dà, wọ́n pò ó mọ́ tiwa. Lára ẹ̀wà tí a gbìn lẹ́yìn ìyẹn ni kókó ti tún yọ, wẹ́wẹ́. Màámi kò jẹ ẹyọ kan níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti wó ilé náà, pé òtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀. Èmi àti Sáfíyà kò tún ríra mọ́. Oògùn tó jẹ́ pé ọwọ́ Hárìsì nìkan la ti rí i nígbà náà, àwọn ọmọdé ń rà á báyìí bí ẹni ra ọṣẹ. Àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀ kò sì tíì ní ohùn láti fi ké.

Lọ́dún Iléyá tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún Rófíà, tóun náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rántí nǹkan kan. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

“Kò yẹ kó o rántí,” ni wọ́n wí. “Àwa ń bá ẹ rántí ẹ̀.”

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ.