Ohun Funfun Létí Kànga Ìjọ Wa

Kànga ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógójì láti ẹnu títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ kì í ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ; bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ó máa ń tó mọ́kàndínlógún. Ríńgì kọnkéré mẹ́sàn-án ni wọ́n tò sápá òkè rẹ̀ kí ó tó kan àpáta. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, tépù ò sì wọ́n mi. Mo fi tépù wọn okùn, mo ta kókó sí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, mo so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú kànga, mo sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, agbẹ́kànga sì ni bàbá mi, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin sún mọ́ ẹnu iṣẹ́. Ọ̀ọ́kán ni mo ti ń wò ó. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, tí mò ń ka ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn elétò ìlera ń pín, tí mò ń yọjú wo kànga kiri. Ọkọ mi a máa ní bí mo bá lọ kí èèyàn, kànga wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè mí, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí kànga wà.

Ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ ni kí n wí, nítorí méjì ni. Ìkejì wà nílé àfáà tó bá ṣọ́ọ̀ṣì pààlà. Bàbá àfáà yìí àti àwọn àgbà ìjọ ayé ijọ́un ni wọ́n jọ gbẹ́ kànga náà, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sára ògiri tó wà láàárín, kí tọ̀tún tòsì lè máa pọnmi. Nígbà tí bọhóòlù ìjọ ń ṣiṣẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ilẹ̀kùn ọ̀hún. Àmọ́ látìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lérí, tí iná mànàmáná ò sì ṣe é gbọ́kàn lé, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, gbogbo wa sì padà sídìí okùn.

Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àìsàn dé. Ọmọ pásítọ̀ tó kéré jù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin, lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi náà ń rùn díẹ̀, bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú ike.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ìyàwó díákónì àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Olómi, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?"

"Kí ló dé, mà?"

"Ìyàwó àfáà ni. Ojú mi báyìí ló rí i láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà wọn. Ó ń fi nǹkan funfun sínú kànga."

"Nǹkan funfun wo?"

"Ṣé èmi ni mo bá a rà á ni? Funfun ni mo rí. Ẹ tiẹ̀ wò ó, ṣé àwọn fúnra wọn ṣì ń mu omi yìí?"

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. Lóòótọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rí àwọn ará ilé àfáà tí wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ láti apá Sábó. Ta ní í fi omi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ lọ pọn tọ̀nà jíjìn? Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Mo rántí pé àárín wa ò gún mọ́ látìgbà tí a ti jọ fa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà ààwẹ̀ wọn. Mo rántí pé obìnrin náà ti dẹ́kun kíkí mi. Bí mo ṣe ń rántí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń so kọ́ra bí ojú ìránṣọ.

Ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà gbà á. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo tẹnu mọ́: kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó ba omi wa jẹ́, ẹni yòówù kó jẹ́.

Àmọ́ mi ò fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ilẹ̀kùn ògiri náà. Mo ń tètè ṣí i, mo ń jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn kọ́tìnì, mo sì ń kọ aago sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀: aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dé, ó fami, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ Ẹtì: aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó mú nǹkan kan tó dì sínú aṣọ pélébé, ó rì í bọ inú korobá omi, ó ń yí i po, ó sì da omi náà padà sínú kànga. Nígbà tó lọ tán, mo sáré débẹ̀. Ẹ̀rúnrún funfun kan, tí kò tó orí bọ́tìnnì, wà létí ríńgì. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ ni mo fi tì í sínú ọ̀rá, mo sì dì í lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn àgbà ìjọ pinnu pé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, bí ẹ̀rí bá ti wà, bíríkìlà máa dí ilẹ̀kùn náà pa, wọ́n á sì mú ẹjọ́ obìnrin náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀rí ọ̀hún wà nínú báàgì mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi han ẹni tó mọ̀.

Bàbá kan ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bá bàbá mi gbẹ́ kànga títí ọjọ́ orí fi dá a dúró. Kò sí ohun tó lè já sínú kànga tí kò rí rí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wọkọ̀ ní Takie. Gbogbo bí ihò ojú ọ̀nà ṣe ń jù wá sókè sódò, mo gbé báàgì náà jìnnà sí búrẹ́dì tí mo rà fún bàbá.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ro ẹjọ́ mi, mo gbé ọ̀rá náà fún un. Ó tú u, ó fi ìka mú ẹ̀rúnrún náà, kí n sì tó lanu, ó ti fi kan ahọ́n.

"Bàbá! Májèlé ni!"

Ojú rẹ̀ hunjọ, ó tutọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Májèlé ìyá ta ni? Álọ́ọ̀mù rèé! Èyí tí onígbàjámọ̀ fi ń ra èèyàn lágbọ̀n! Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí o ní o mọ kànga ju àwa tí a gbẹ́ ẹ lọ!"

Ojú tì mí. Mo mọ álọ́ọ̀mù bí ẹni mowó. Èmi náà ti fi í sínú omi rí kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀. Ká ní ọwọ́ ìyàwó díákónì ni mo ti rí i, mi ò bá má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Omi yín tó dọ̀tí ló ń bá yín tọ́jú," bàbá wí. "Álọ́ọ̀mù kì í pa àrùn, àmọ́ ó gbìyànjú. Kí ló wá dọ̀tí omi ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Sókàwéè yín ńkọ́, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń lọ?"

"Ẹ̀yìn ilé pásítọ̀ ni."

"Ibẹ̀ ga ju ojú kànga lọ ni, àbí ó rẹlẹ̀ sí i?"

"Ó ga jù ú lọ, bàbá."

"Ta ló fi ibẹ̀ hàn wọ́n?"

"Èmi ni, bàbá."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni. Ìyàwó pásítọ̀ ò fẹ́ kí kòtò náà wà níwájú pálọ̀ òun, díákónì àgbà ń kánjú, oòrùn ń mú. Òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé ni pé kí sókàwéè jìnnà sí kànga tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, kí ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, tépù mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà lásán, mo ní, "Ó ti tó." Mo sì kọ "ọgọ́rùn-ún ó lé" sínú ìwé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo mọ̀ pé àdúrà mi ti gbà. Ó wù mí kí ó má tíì gbà. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á mú obìnrin náà, màá sì máa jẹ́ Ìyá Olómi lọ. Mo tiẹ̀ rò ó pé mo lè ní òjò ló fà á, kí n wá dọ́gbọ́n ní kí wọ́n gbé kòtò kúrò tó bá yá. Mo rò ó títí a fi dé Takie.

Ilé àfáà ni mo kọ́kọ́ yà. Ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Àfáà."

"Ìyá Télọ̀. Ṣé kọ́tìnì yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ ríran dáadáa ni, tẹ́ ẹ fi wá bá wa délé?"

Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé mò ń ṣọ́ òun.

"Álọ́ọ̀mù ni ẹ̀ ń fi sínú kànga."

"Ṣé ó ti dẹ̀ṣẹ̀ ni? Mo sọ fún ìyàwó pásítọ̀ yín pé omi ń rùn, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mumi ni. Mo dákẹ́. À ń pọn tí a máa mu ní Sábó. Eléyìí, èyí tí a fi ń wẹ̀ ni mò ń tọ́jú."

"Ẹ dákun, ẹ bá mi di dígí mú."

"Dígí kẹ̀?"

Dígí gígùn ṣọ́ọ̀bù mi la gbé. Bí èèyàn bá fi dígí gba oòrùn, tó sì dà á sínú kànga, kò sí tọ́ọ̀ṣì tó lè mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó di dígí mú, mo dakùn délẹ̀ létí ríńgì. Láàárín ríńgì kẹrin àti ìkarùn-ún, lápá ibi tí ilé pásítọ̀ wà gan-an, omi dúdú kan ń sun wálẹ̀ tín-ín-rín. Òun náà tẹ̀ba, ó rí i. Nígbà tí a dìde, ó ní, "Ṣé ẹ ó sọ fún wọn?"

"Màá sọ."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọ̀la ò jìnnà," ó wí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò ṣú. Kò sí oòrùn, dígí ò wúlò. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bíríkìlà sì ti po símẹ́ńtì. Lẹ́yìn ìsìn, díákónì àgbà ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo dìde. Mo ti jẹ́rìí nínú ìjọ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí.

"Álọ́ọ̀mù ni. Obìnrin náà kọ́ ló ba omi jẹ́. Sókàwéè ni. Èmi ni mo fi ibẹ̀ hàn yín, mi ò sì wọ̀n ọ́n."

Ìyàwó díákónì pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti rí Ìyá Olómi mú! Kí ni wọ́n fún yín jẹ níbẹ̀?"

"Ó wà nílé wọn lánàá," ẹnì kan wí látẹ̀yìn. "Òun àti obìnrin ọ̀hún ń gbé dígí kiri létí kànga. Dígí o!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti lò ó.

Mo gbé ìwé mi fún pásítọ̀, mo ní kó kà á sókè. Ó ka "ọgọ́rùn-ún ó lé." Mo ní kí a jáde lọ wọ̀n ọ́n. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló di orí tépù mú. Tépù télọ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, nítorí náà ìgbà méjìlá ló kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ìsìn lọ́rùn, tó ń fìka sàmì. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan àti ínǹsì mẹ́rin. Mọ́kànlélọ́gọ́ta àti ínǹsì mẹ́rin. Ó bojú wo ilẹ̀, ó rí bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ láti ìdí sókàwéè lọ sí kànga. Ó tún ka ìwé mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé òǹkà náà lè yí padà.

"Ẹ kó búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò," ó wí fún bíríkìlà. Ó gba ilẹ̀kùn kékeré kọjá lọ sílé àfáà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórókùn. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà, mi ò sì janpata. Wọ́n dí kòtò náà, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí apá ìsàlẹ̀. Wọn ò pè mí, àmọ́ wọ́n rán èèyàn wá yá tépù mi. Wọ́n fa kànga náà gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi sí i. Ìyàwó díákónì ṣì ń sọ pé a ò tíì mọ gbogbo ohun tó wà nínú aṣọ pélébé yẹn.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyàwó àfáà pàdé létí kànga. Ó fami, ó gbé korobá sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó sì nà án sí mi. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀.

"Kò rùn," mo wí.

"Kò rùn," ó wí. Ó rù ú lọ. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn kékeré, mo rí kẹ́ẹ̀gì Sábó mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n kún dẹ́nu.