Ìgbọ̀nwọ́ Páìpù Mẹ́fà Tí Àǹtí Kàwé Kò Fọwọ́ Sí

Àǹtí Kàwé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí irin tó lè kọjá níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ka nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i lára. Òun ló ń yẹ irin wò, tó sì ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù: tábìlì kan, àga méjì, ìwé òfin páìpù tí etí rẹ̀ ti ká. Látìgbà tí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, báàgì ara rẹ̀ ló ń gbé lé àga kejì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìgbọ̀nwọ́ páìpù mẹ́fà, irin títẹ̀ tí wọ́n fi ń yí páìpù sí ọ̀nà mìíràn, dé fún ọ̀nà tí oru bọ́ílà ń gbà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu ojú wọn. Irin oní-nọ́ńbà méjìlélógún ni ìwé òfin ní kí wọ́n lò. Mọ́kànlá ló wà lára gbogbo wọn. Irin méjèèjì jọra bí ìbejì, àmọ́ kírómíọ̀mù, èyí tó ń jẹ́ kí irin lè fara da iná, kò pọ̀ tó nínú oní-mọ́kànlá. Bí oru yẹn bá ń tì í lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fẹ̀ títí yóò fi bẹ́.

Ó ní kí wọ́n dá wọn padà. Iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá iṣẹ́ ní ìwé kọ́ ló ń gbé bọ́ílà ṣiṣẹ́, irin ṣáà nípọn. Àǹtí Kàwé ṣí ìwé náà, ó fi ìka sí ìlà ibẹ̀. Ọ̀gá ò wò ó.

Èyí tó dùn ún jù ni ti àbúrò rẹ̀, wẹ́dà tó máa jó àwọn irin náà pọ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà ló dúró sí, kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo èèyàn ló ń bú yín. Ojú ń tì mí. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i."

"Ìwọ lo máa dúró nídìí rẹ̀ tí wọ́n bá tan iná. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Àbúrò rẹ̀ yí padà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó bá a jókòó níbi oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́jọ́ Àìkú tí àbúrò rẹ̀ máa ń wá, ó se oúnjẹ ẹni méjì, ó jókòó tì í títí ó fi tutù.

Ìgbà tí oní-méjìlélógún dé, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n jó wọn pọ̀, wọ́n ní kó wá wo ojú ìjórin. Ó rọra fi ìka tọ̀ ọ́ yí ká.

"Ó mọ́," ló sọ.

"Ẹ ṣé, mà," ni àbúrò rẹ̀ fèsì, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Wọ́n tan bọ́ílà, kò sí wàhálà kankan, olúkúlùkù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó tó oṣù méjì kí àbúrò rẹ̀ tó tún wá jẹun. Kò sọ̀rọ̀ irin. Àǹtí Kàwé náà kò dá a sílẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ fún un, wọ́n sì jẹun.