Gbọ̀ngàn Kejì

Dókítà ni gbogbo ilé ń pe àbúrò mi. Nígbà tó wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ló fi jókòó sí gbọ̀ngàn kejì, tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ bayọ́lọ́jì sílẹ̀. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ìtìjú burúkú ò jẹ́ kó bèèrè bóyá kíláàsì òun nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ tì.

"Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ni ibí," akọ̀wé sọ fún un. "Gbọ̀ngàn kẹta ni tiyín, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn."

Èmi ló kọ́kọ́ sunkún sí létí lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló pe Màámi nídìí máṣíìnì ìránṣọ.

"Dókítà mi, ìdánwò ńkọ́?"

"Ó lọ dáadáa, mà."

Ni Màámi bá ní kí n bá òun di aṣọ funfun kan mú, kí òun gé kóòtù dókítà rẹ̀. Mo dì í mú.