Bẹ́líìtì já, ọkọ mi ní ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé àwọn oníbàárà mi lọ lónìí.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ já ní Ìmàṣàyí níbí. Mo ní kí àwọn obìnrin tó ti bó ẹ̀gẹ́ wọn jókòó dè mí, mo wọlé lọ mú òmíràn.

Bàbá Délé, ọkọ mi tí kì í fo ìròyìn rédíò dá, ló bá bọ́ síta, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀ o."

Kí n tó jáde, wọ́n ti ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

"Bàbá Délé, ìjọba ló ń dẹnu kọlẹ̀. Bẹ́líìtì ló já níbí."

"Ṣé ẹ̀rọ ọ̀hún wá ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ èèyàn á dúró de èyí tó já. Ta ló ń dúró de èyí tó dẹnu kọlẹ̀?"

Mo fi bẹ́líìtì tuntun sí i. Ìgbà tí àwọn obìnrin náà gbọ́ ìró ẹ̀rọ lójú ọ̀nà ni wọ́n tó yí padà.

Lọ́sàn-án, ọkọ mi béèrè oúnjẹ. Mo ní ilé ìdáná ti dẹnu kọlẹ̀.

Ó rọra ní, "Ìyá Délé, àbí gáàsì ló kàn tán?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni ọkọ tiyín ti ní ó dẹnu kọlẹ̀ nílé?