Lẹ́búlẹ́bú Dúdú Inú Láfún

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja gbà pé egungun òkú ni mò ń fi ẹ̀rọ ìlọta mi lọ̀. Abẹ́ Kwárà la ṣì wà nígbà náà, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, owó oṣù ọkọ mi sì máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ wa. Abẹ́ páànù ni mo gbé e sí, níwájú ilé tí a háyà lọ́wọ́ bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tí ìdílé rẹ̀ ti ń tajà ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó bí bàbá tó bí i. Láàárọ̀ ni mo ń lọ àgbàdo, èlùbọ́ àti láfún. Ọ̀sán ni ti ata, oníata tó bá sì lọ tirẹ̀ tán gbọ́dọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sílẹ̀ fún mi láti fi fọ ọ̀fun ẹ̀rọ, kí ọkà ẹlòmíràn má baà ta á lẹ́nu.

Ọdún yẹn ni Bàbá Onílé fún ọkùnrin kan ní yàrá ẹ̀yìn. Ó ní iṣẹ́ ìjọba lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n a ò rí ọ́fíìsì tó ń lọ. Àpò èédú ló ń gbé wọlé, pẹ̀lú àwọn páálí kékeré tó máa ń so pa, á ti fèrèsé, á fi aṣọ bo imú, tó bá sì jáde, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú, á tún máa dán. Nígbà mìíràn á kó agolo mélòó kan gun ẹ̀gbẹ́ Òkè Patti, kò ní pẹ́ tí a ó fi rí èéfín dúdú kan níbẹ̀, èéfín tí kì í gòkè bíi ti iná oko, tó kàn ń rá mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní oògùn owó ló ń ṣe. Àwọn mìíràn ní amí ni. Ó ti dá èmi lójú pé owó ayédèrú ló ń tẹ̀, mo sì máa ń yọ́ lọ gbóòórùn aṣọ rẹ̀ lórí okùn, bí ẹni pé owó ayédèrú máa ń rùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ní ti àwa, ọ̀kan ṣoṣo la tẹjú mọ́.

Nígbà tó wá bá mi pé kí n bá òun lọ nǹkan kan kó kúnná ju láfún lọ, mo kọ̀. Ó ní èédú ni, àti òkúta dúdú kan tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ta ló béèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló tún jẹ́ kí n fura sí i. Bàbá Onílé ló bẹ̀ mí, ó ní a kì í kọ̀ fún àlejò ìjọba lásìkò sójà. Ọkùnrin náà ra irin ìlọ̀ tirẹ̀ wá, mo tú tèmi, mo fi tirẹ̀ sí i, mo lọ̀ ọ́ fún un. Mo dá irin mi padà, mo sì fi àgbàdo fọ ọ̀fun ẹ̀rọ bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ata. Ata tútù ni mo mọ̀, ata a máa bá àgbàdo jáde. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yẹn ti sá wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Oníláfún, obìnrin Ìjùmú tó jẹ́ oníbàárà mi tó tóbi jù, rí ìlà dúdú tó ń dán nínú láfún funfun rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n wò ó dáadáa. Kí oòrùn tó là gan-an, ìròyìn ti tàn pé egungun òkú ni mò ń lọ̀, kò sì sí ènìyàn lábẹ́ páànù mi mọ́.

Àwa tí à ń lọ nǹkan fún aráyé ládùúgbò yẹn ní àṣà kan. Bí oníbàárà bá rí àbùkù nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, ẹni tó lọ̀ ọ́ ni yóò ro ọkà rẹ̀, tí yóò sì jẹ òkèlè àkọ́kọ́ lójú rẹ̀. Tó bá jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá kọ̀, kó máa ta ẹ̀rọ rẹ̀ ló kù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, Bàbá Onílé pe gbogbo wa sí àgbàlá. Mo ro ọkà náà, ó rí bí eérú. Mo fọwọ́, mo bu òkèlè. Ẹ̀rù bà mí débi pé orúkọ àwọn ọmọ mi ni mò ń pè nínú ọkàn mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkèlè ti kan ètè mi nígbà tí ọkùnrin náà jáde láti yàrá ẹ̀yìn.

“Ẹ má jẹ ẹ́, Ìyá Ẹlẹ́rọ,” ló wí. “Kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ inú ènìyàn.”

Bàbá Onílé rọra gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Wàláhì, o ti jẹ́wọ́.”

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà wá sọ ohun tó ní òun ti búra pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní dígí kan wà lóde ayé tí àwọn ológun ń wò, tó ń rí ooru ara ènìyàn nínú òkùnkùn, àti nínú èéfín pàápàá. Èéfín lásán ò lè dí i lójú. Lẹ́búlẹ́bú tí yóò wà nínú èéfín, tí dígí náà ò ní lè ríran kọjá rẹ̀, lòun ń wá, ìdí nìyẹn tí òun fi ń gun òkè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dígí tó ń rí ooru? Ìyá Oníláfún ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ẹni tó fẹ́ fi pamọ́, àti lójú ta.

“Àwọn ọmọ yín tó ń ṣe sójà ni, màmá. Lójú ẹni tó fẹ́ pa wọ́n.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ obìnrin yìí kan ṣoṣo bá wọn lọ sí ogun abẹ́lé, kò sì padà wálé. Ó dojú kọ ọkùnrin náà. Ó ní, “Ọmọ tèmi ti wà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Kó ẹrù rẹ.”

Ó kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. A da ọkà náà sí ààtàn, kò sẹ́ni tó tún ní kí n jẹ ẹ́, nítorí a ti rí ọ̀daràn. Mo tú ẹ̀rọ mi palẹ̀, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, àwọn oníbàárà sì padà, Ìyá Oníláfún ló ṣáájú wọn. Inú mi dùn. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń tò sídìí ẹ̀rọ, bí Ọlọ́run ṣe tú àṣírí oníṣẹ́ ibi lójú gbogbo ayé, tó sì yọ mí. Mo máa ń fi ohùn rẹ̀ sín in jẹ, àwọn ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́kọ́ja ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ báyìí, mo sì ti gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn ṣì le. Àbíkẹ́yìn mi ló wọṣẹ́ sójà. Nígbà kan tó wálé, ó ń ṣàlàyé àwọn nǹkan ìjà wọn fún àbúrò bàbá rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ dígí tó ń rí ooru ara. Ó ní èéfín kan wà tí wọ́n ń tú síta bí wọ́n bá rí i pé ọ̀tá ń fi í wo àwọn. Mo bi í bóyá ó dúdú. Ó ní ta ló sọ fún mi. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sì sunkún.

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, mi ò sì ní kí àwọn ọmọ mi má fura. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọkùnrin yẹn já sí nǹkan kan, mi ò tilẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Gbogbo wa péjọ sí àgbàlá yẹn, àgbà àti ọmọdé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa, àti èmi tí òkèlè wà lọ́wọ́ mi, tó rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ pa mí ì bá dákẹ́ kí n gbé e mì.