Ilé Ìgbín Bàbá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, agogo àwọn tó ń ra irin àlòkù dún lẹ́nu géètì wa ní Ugbolokposo. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Bísí, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ti ń retí rẹ̀. Ó sáré jáde, ó nawọ́ sí lọ́rì àtijọ́ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Grandma, make dem carry this thing go abeg! Na only lizard dey use am."

Ó ń gbọ́ Yorùbá mi yékéyéké o, àmọ́ èdè Warri ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní kí oníirin ṣe sùúrù. Mo di irin ẹ̀yìn lọ́rì mú, mo gòkè. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì kí mi káàbọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó.

Lọ́rì onímú gbọọrọ ni, irú èyí tí ẹ ò rí lójú títì mọ́. Òun ni bàbá mi fi ń kó ẹrù aṣọ tí ìyá mi ń tà, kí wọ́n tó gbé e lọ bá káfíńtà kan létí odò, ará Ìlàjẹ, tí kò kan nǹkan mìíràn rí ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n ní kó kọ́ ilé sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà sì kọ́ ọ bó ti mọ̀ ọ́n kọ́: ó tẹ igi bí egungun ìhà, ó to pákó lé e, ó fi ọ̀dà dí gbogbo ojú rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí. "Bí eléyìí bá já sódò," ni wọ́n wí, "àjẹ̀ nìkan ló kù."

Ẹ wá wo inú rẹ̀! Bẹ́ẹ̀dì tó ń ká mọ́ ara ògiri. Sítóòfù nínú àpótí onípáànù. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi ìkọ́ há, kí abọ́ má baà fò bí a bá bọ́ sí kòtò. Fèrèsé kékeré méjì, tí mo ń gbà wo igbó ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bó ti ń sá sẹ́yìn. Mo ti sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí èyí tó tó o.

Àmọ́ bàbá mi ò torí fàájì ṣe é. Warri la ń gbé, yàrá wọn nílé ní Ọ̀yọ́ sì ti wó, wọn ò tíì kọ́ òmíràn. Iléyá méjì ni wọn ò lọ. Ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé tí kò níbi tí yóò tẹ́ ẹní sí, ojú wo ni yóò fi wọlé? Ìyá wọn sì ti ránṣẹ́ pé òun ń darúgbó lọ.

Lọ́dún kẹta, a gbé ilé wa dání, ó di Ọ̀yọ́. Bí a ti wọ agboolé, Àlàájì Làmídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pàtẹ́wọ́: "Ẹ jáde wá wò ó o! Ìgbín Warri gbé ìkarahun rẹ̀ dé!" Agboolé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò kúrò lórí sítíárìn.

Láàárọ̀ ọdún, òjò dé. Páànù agboolé ń jò bí asẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló kọ́kọ́ wọ inú lọ́rì wa, tàwọn ti tẹ̀sùbáà. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà Àlàájì fúnra rẹ̀, tó ká agbádá tuntun mọ́ àyà. Ìyá Àgbà fọwọ́ pa ògiri, wọ́n wòkè, wọn ò rí ẹ̀kán omi kan.

"Làmídì, o ti rí ilé ìgbín tó jò rí?"

Àlàájì tún sún wọnú díẹ̀ sí i.

Òjò dá, gbogbo èèyàn bọ́lẹ̀. Ìyá Àgbà ò mira. "Ilé ọmọ mi ni mo wà. Mi ò sọ̀kalẹ̀ mọ́." Bàbá mi kọjú sí fèrèsé, wọ́n fi etí ẹ̀wù nu ojú.

Bàbá mi padà kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí Ọ̀yọ́. Àyálégbé ló wà níbẹ̀ báyìí. Káfíńtà ti lọ, àwọn òbí mi ti lọ. Pákó yìí ò tíì jẹrà.

Mo ti ń sọ gbogbo èyí jáde lẹ́nu, mo ṣebí èmi nìkan ni mò ń dá sọ̀rọ̀. Mo gbójú sókè, àṣé Bísí ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣí ìkọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún ń há a. Oníirin lu agogo: "Mama, una dey sell am abi una no dey sell?"

Ọmọ náà yọrí lójú fèrèsé. "Oga, dey go. I no dey come down again."

Èdè nìkan ló yàtọ̀. Ohùn Ìyá Àgbà ni mo gbọ́.