Ẹ Jẹ́ Kí N Dúró Kí Yín

Ọkọ mi ló yan Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní bí mo bá ń gba ìtọ́jú ní Ọ̀yọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ á ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ìyàwó òun. Ó ní kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Mo ṣe àmín nígbà náà, torí mo rò pé èmi ló fẹ́ bo àṣírí fún.

Bí ọjọ́ kímò bá pé, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n ń fà sí mi lára láti pa jẹjẹrẹ náà, a ó sọ nínú agboolé pé mo lọ ra aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aránṣọ ni mí, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Irun mi re tán, hijáàbù bò ó. Èékánná mi dúdú, mo fi làálì bò ó. Ẹnu mi bó débi pé omi lásán ń ta mí, mo ní ààwẹ̀ ni mo ń gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé tiẹ̀ yìn mí pé ẹ̀sìn mi ti jinlẹ̀ sí i. Mo rẹ́rìn-ín, ẹnu mi sì ṣẹ̀jẹ̀.

Egungun ni mi ò rí nǹkan bò. Lẹ́yìn kímò, wọ́n máa ń gún mi ní abẹ́rẹ́ kan sí ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà lè pọ̀ sí i lára mi. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé inú egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà, pé á máa ro mí. Ó ṣeun tó sọ ọ́, àmọ́ ríro kọ́ lorúkọ rẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń fi ọmọ odó gún nǹkan nínú ìbàdí mi, tí kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi. Ó ń gún itan, ó ń gún ẹ̀yìn, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ sí orúnkún. Kò sí gálọ́ọ̀pù kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tí egungun mi ò mọ̀. Mò ń lo oògùn tí wọ́n fún mi. Ọkọ mi á bá mi rọ omi gbígbóná sínú ike, mo á gbé e lé ìbàdí, tó bá rọlẹ̀ díẹ̀ mo á rìn yíká inú yàrá bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n máa ṣe. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ wa máṣìnnì mọ́. Orí àga ni mo ti ń kírun.

Bẹ́ẹ̀ ní agboolé ọkọ mi, gbogbo ìyàwó ilé ló gbọ́dọ̀ lọ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi láràárọ̀, níwájú ilé níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Kì í ṣe pé kéèyàn kàn tẹ̀ díẹ̀ kó máa lọ o. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kan sìmẹ́ńtì, kéèyàn sì wà níbẹ̀ títí wọn á fi ṣàdúrà tán, àdúrà wọn sì gùn. Kò ni mí lára rí. Àmọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò lè dìde. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá yẹtí tó bọ́ sílẹ̀ títí mo fi rí ògiri dì mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Ní ilé tiwa, ẹni tí kò kúnlẹ̀ kì í ṣàìsàn, ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Wọ́n ní mo ti rí ṣe, mi ò rí àgbà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá ọkọ mi, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ìyàwó ilé yòókù ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tí wọ́n ti gbá tán. Ìyá ní àwọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí n ṣáà kúnlẹ̀, kí n tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

Mo wo ọkọ mi. Òun ló ń rọ omi gbígbóná fún mi. Òun ló ń gbọ́ ẹkún mi. Ó mọ̀ pé àná ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́. Mo ń retí kó la ẹnu. Ó la ẹnu lóòótọ́, àmọ́ ó sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ sí mi létí.

"Ṣáà kúnlẹ̀, jọ̀ọ́. Kò ní pẹ́ tán."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Wọ́n ní ká fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ká tutọ́ funfun jáde. Mo ti tu ú títí, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi. Ọlọ́run tó dá orúnkún gbà kí n jókòó kírun sí òun, èèyàn ni kò gbà kí n dúró kí òun. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe èmi ni ọkọ mi ń bo àṣírí fún. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń bò, orúnkún mi ló sì fẹ́ fi bò ó.

"Màmá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n dúró kí yín. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí. Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ní mo ti ń ra aṣọ, ọsibítù ni mò ń lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lánàá ló ń jà nínú egungun mi yìí. Tí mo bá kúnlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi dìde."

Ìgbálẹ̀ dákẹ́. Ìyá ò wò mí, ọmọ wọn ni wọ́n wò.

"Ìwọ mọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun ò fẹ́ káyé gbọ́. Wọ́n tún bi í bóyá ó mọ̀. Ó sorí kọ́.

Ìyá fi ọwọ́ ti orúnkún tiwọn, èyí tó ti ń dùn wọ́n kí n tó dé ilé náà, wọ́n dìde, wọ́n sì ti àga wọn sọ́dọ̀ mi. Wọn ò bẹ̀ mí, èmi náà ò dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi sí wọn, torí ẹni tó ń rí mi láràárọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹ kó ti rí i pé mo ń gbẹ. Mo jókòó.

Nígbà tó yá tí mo fẹ́ máa lọ, ọkọ mi na ọwọ́ láti gbé mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo na ọwọ́ mi sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fà mí dìde lójú ọmọ wọn.